Àbùlẹ̀ Tí Kò Dé Èkó

Bí ó ti jẹ́ àṣà wa nínú abala yìí, ohun tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni nínú kíláàsì ni a fẹ́ fi èdè abínibí wa tú palẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó kàn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin onímọ̀ òfin ní Kóńgò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ìwé kọjá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan àbúrò yín nílé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 2025, JAMB fi èsì ìdánwò ọdún náà han àwọn tí ó ṣe é. Kí ọjọ́ náà tó dé ni wọ́n ti kéde pé nínú àwọn 1,955,069 tí èsì wọn jáde, 1,534,654 ni kò gba tó 200 nínú 400. Bí ìròyìn yìí ti balẹ̀ ni gbogbo ẹnu ń wí ohun kan náà: àwọn ọmọ ìwòyí kò kàwé mọ́, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwa náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú wa ni ó ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó jókòó ìdánwò náà ní Ìkòròdú, ní Agége, ní Alímòṣọ́. A tẹ̀ wọ́n láago láti ìhín, a sì fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára. Ọ̀kan nínú àwa olóòtú ìwé yìí sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin pé kí ó wá ìyá aránṣọ kan lọ bá, kí ó yé fi owó bàbá wọn ṣòfò. Ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, mo mọ ohun tí mo tẹ̀ o." Bọ̀dá ní irọ́ ni ó ń pa.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ẹni tí ó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ JAMB nígbà náà, jáde sí àwọn oníròyìn ní Àbújá. Ó sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni àṣìṣe ti wá, ó tọrọ àforíjì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò 887 tí wọ́n lò káàkiri orílẹ̀-èdè, 157 ni ọ̀rọ̀ náà bá. Márùndínláàádọ́rin nínú wọn wà ní Èkó, níbi tí àwọn 206,610 ti ṣe ìdánwò. Àwọn 92 yòókù wà ní ìpínlẹ̀ márùn-ún gúúsù ìlà-oòrùn, ìyẹn Abia, Anambra, Ebonyi, Enugu àti Imo, níbi tí àwọn 173,387 ti ṣe tiwọn. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, ọmọ 379,997 ni. Ìlú ńlá kan ni iye ènìyàn yẹn.

Kí ni ó fa á? JAMB pín ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní KAD, láti ara orúkọ Kàdúná; wọ́n ń pe èkejì ní LAG, láti ara orúkọ Èkó lédè òyìnbó. Wọ́n ṣe àtúnṣe kan sí ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Àtúnṣe náà wọ àwọn ẹ̀rọ KAD bí ó ti yẹ. Ní apá LAG, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí JAMB gbé iṣẹ́ fún kò fi í sí àwọn kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ẹnikẹ́ni kò sì rí i títí èsì fi jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó ṣe ìdánwò ní Sàmárù níbí gba ohun tí ó tọ́ sí i. Àbúrò rẹ̀ tí ó ṣe é ní Ìkòròdú gba ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ fún un.

Kí ni àbùlẹ̀, kí sì ni ó ń ṣe?

Àwọn baba wa sọ pé àbùlẹ̀ ni í mú aṣọ tọ́. Àwọn oníkọ̀ǹpútà náà mọ òwe yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ pé òwe Yorùbá ni. Bí a bá kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà, tí a sì rí i pé ibì kan já nínú rẹ̀, tàbí pé a fẹ́ kí ó ṣe ohun tí kò ṣe tẹ́lẹ̀, a kì í sábà kọ gbogbo rẹ̀ tún. A óò kọ èyí tí ó kù, a óò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Àbùlẹ̀ gan-an ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì náà túmọ̀ sí. Nígbà tí àbùlẹ̀ bá pọ̀ lára aṣọ, a óò ra aṣọ tuntun, ìyẹn ni pé a óò fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ẹ̀dà àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò. Láti ọdún 2015, kò sí bébà nínú ìdánwò JAMB mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú ọmọ kò ju fèrèsé lọ. Ìbéèrè kò sí nínú rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà àgbà kan ni ìbéèrè ti ń wá, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́fà. Òun ni í pín ìbéèrè fún gbogbo ẹni tí ó jókòó, òun náà ni í sì gba ìdáhùn padà lọ́wọ́ wọn. Bí sẹ́fà bá dáa, ìdánwò dáa. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí ohun tí ọmọ lè ṣe láti mọ̀.

Lọ́dún 2025, JAMB fẹ́ dènà àwọn tí ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n da ìbéèrè rú, wọ́n sì da àwọn ìdáhùn tí ènìyàn yóò mú nínú wọn rú pẹ̀lú. Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré kan tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ká ní ìbéèrè náà ni: Kí ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì? Nínú ìwé ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ tò, A ni Àkúrẹ́, B ni Adó-Èkìtì, C ni Òṣogbo, D ni Abẹ́òkúta. Fún ọmọ tí ó jókòó ní ìlà kejì, sẹ́fà da á rú, Adó-Èkìtì wá bọ́ sí D. Ọmọ náà mọ̀wé, ó tẹ D. Sẹ́fà tí àbùlẹ̀ wà lára rẹ̀ rántí pé òun ti pààrọ̀ àyè wọn, yóò sì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Adó-Èkìtì fúnra rẹ̀ dé ibi tí ó wà. Sẹ́fà tí kò ní àbùlẹ̀ kò rántí. Lẹ́tà B ni ó mọ̀ sí ìdáhùn. D kì í ṣe B, ó fa igi lé e. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun tí ó sì tẹ B nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni yóò gba máàkì.

Ohun tí ó wáyé gan-an nínú ẹ̀rọ náà díjú ju èyí lọ, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn: ohun tí ń béèrè ọ̀rọ̀ ti di tuntun, ohun tí ń gba ìdáhùn ṣì wà láyé àtijọ́. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sí ariwo kankan. Ojú kọ̀ǹpútà kò dúdú, ẹ̀rọ kò dákú. Àwọn ọmọ parí iṣẹ́, wọ́n dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ní gbangba kì í pa ènìyàn lára tó èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ geere lórí àṣìṣe.

Pọ́tà tí ó mọ gbogbo yàrá

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Amina Hall tàbí Suleiman Hall mọ pọ́tà. Ìwé ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Ó mọ yàrá tí ó wà, ó mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ó mọ èyí tí gílóòbù rẹ̀ ti jó. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá, òun ni yóò mọ̀ bóyá ó kan gbogbo yàrá tàbí ó ku díẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kò lè máa rán ènìyàn kiri láti ọ̀kan dé èkejì. Báǹkì kò lè ṣe é, ilé ìwòsàn kò lè ṣe é, yunifásítì kò lè ṣe é. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe ètò kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣe àmójútó àwọn ẹ̀rọ yòókù. A óò pè é ní alámòójútó. Apá kan rẹ̀ wà ní olú ilé-iṣẹ́, níbi tí ìwé ńlá náà wà. Apá kejì, tí ó kéré, wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí aṣojú tí ń ròyìn fún ọ̀gá: mo wà láyé, ẹ̀dà báyìí ni ó wà lára mi, àbùlẹ̀ báyìí ti dé, èyí kò tíì dé.

Ọdún 1994 ni Microsoft gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n ń pè ní SMS. Kì í ṣe SMS orí fóònù o! Ó ti pààrọ̀ orúkọ láti ìgbà náà. Lónìí Configuration Manager ni wọ́n ń pè é. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2015, ọdún àti oṣù ni wọ́n fi ń sọ ẹ̀dà rẹ̀ lórúkọ. Àkọ́kọ́ ni 1511, ìyẹn oṣù kọkànlá ọdún 2015. 2403 jẹ́ ti oṣù kẹta ọdún 2024. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà náà di ọmọ òrukàn, kò sí àbùlẹ̀ fún un mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Alámòójútó tí ń pín àbùlẹ̀ fún gbogbo ayé, òun náà ń fẹ́ àbùlẹ̀. Ọ̀bẹ kì í sì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ènìyàn ni yóò gbé e láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, ènìyàn tí kò sì kánjú. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé kí ó da ìwé ńlá náà kọ síbòmíràn, kí ó sì dán an wò bóyá èyí tí ó dàkọ ṣeé kà. Àwa ti rí ọ̀gbẹ́ni kan tí ó da gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ kọ fún ọdún méjì gbáko sínú ohun ìpamọ́ tí kò gba nǹkan kan sára. Ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀ ni ó mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò wò ó bóyá ẹ̀rọ tí alámòójútó wà nínú rẹ̀ lágbára tó láti gbé ẹ̀dà tuntun. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ètò: ta ni yóò kọ́kọ́ yípadà? Orí ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní olú ọ́fíìsì àti àwọn ẹ̀ka, olú ọ́fíìsì ni a óò kọ́kọ́ fún ní ẹ̀dà tuntun, lẹ́yìn náà àwọn ẹ̀ka, lẹ́yìn wọn àwọn aṣojú tí ó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé àgbà tí ó ti gbọ́ èdè tuntun ṣì lè bá ọmọ tí ń sọ èdè àtijọ́ sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ṣáájú àgbà gbọ́ èdè tuntun, àgbà yóò kàn máa wò ó lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mọ gbogbo èyí, ẹ ó sì máa sọ pé a ti gé e kúrú jù. Ó dáa, ẹ bá wa kọ èyí tí ó gùn.

A ti fi ránṣẹ́

Bí àbùlẹ̀ bá kúrò ní olú ọ́fíìsì, ohun mẹ́ta ni ó wà tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní ohun kan ṣoṣo: a ti fi ránṣẹ́, ó ti dé, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti ọwọ́ dírébà ọkọ̀ fi gààrí ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn sí Zaria mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Dírébà ti gbé e. Ó lè jẹ́ pé gáréèjì ni ó ṣì wà. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti dé, kí òjò ti rọ̀ sí i lọ́nà.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ìṣòro pọ̀ láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì. Ẹ̀rọ tí a pa kì í gba àbùlẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ lóru ọjọ́ Ẹtì, ẹ bi í pé ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò sì ra dísù. Bí iná bá lọ nígbà tí àbùlẹ̀ wọ ìdajì, ẹ̀rọ náà kò sí nínú tuntun, kò sí nínú àtijọ́. Èyí tí ó burú jù ni ti aṣojú tí ó ti kú sínú ẹ̀rọ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Kò ròyìn pé àbùlẹ̀ kò dé, nítorí pé kò ròyìn ohunkóhun mọ́. Ẹni tí ń ka ìwé ńlá náà kò rí àṣìṣe pupa kankan; àlàfo ni ó wà níbẹ̀, ojú a sì máa fo àlàfo.

Ẹ wo bí ọgbọ́n ìṣirò ṣe ń tan ọ̀gá jẹ. Gbọ̀ngàn 730 nínú 887 ni kò ní ìṣòro àbùlẹ̀ yìí lọ́dún 2025. Ìyẹn ju 82 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ní yunifásítì wa níbí, A ni 82, ẹni tí ó bá gbà á yóò pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹ súyà. Nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ tí ó tó ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún ni ó sunkún nítorí 18 tí ó kù. Àwọn tí ó kù kì í sì í fọ́n káàkiri, ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Ojú kan náà ni wọ́n máa ń wà: lábẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà, lórí wáyà kan náà, ní ẹ̀ka kan náà. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé Èkó àti ìlà-oòrùn ni ó jìyà, tí a kò gbúròó rẹ̀ ní Kàdúná.

Ìyẹn gan-an ni ó mú kí àwọn kan máa sọ nígbà náà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé ẹ̀yà kan ni wọ́n fẹ́ fi dènà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. A gbọ́ ọ kíkan-kíkan nínú ilé ìbùsùn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Iye àwọn tí ó fara gbá a ní Èkó ju ti gbogbo ìpínlẹ̀ márààrún lọ, ọmọ Yorùbá ni olórí JAMB nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa ni ó sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n a kò bá àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ jà. Ẹni tí ọ̀kúta bà lórí kò lè mọ̀ bóyá wọ́n jù ú ni tàbí ó yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń mọlé. Ẹni tí ó mú ọ̀kúta lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó ti wò sísàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti jókòó ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, tí ó ka sẹ́fà LAG ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó bi kálukú wọn pé ẹ̀dà wo ni ó wà lára rẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kò bá tí dìde rárá.

Èyí tí ó dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹlòmíràn lè ní, tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa ju àbùlẹ̀ sí gbogbo ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà ku ẹnì kan. Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ní Amẹ́ríkà, tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ Windows tí ó wà lábẹ́ wọn. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́rin péré ni wọ́n fi dá a dúró. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ bí mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ ti dákú, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ti ṣírò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Delta nìkan fagi lé ìrìn-àjò bí 7,000 láàárín ọjọ́ márùn-ún. Nítorí pé ẹ̀rọ tí ó dákú kò gbọ́ ti alámòójútó mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ènìyàn ní láti fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá, kí ó pa fáìlì búburú náà rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Wọn a mú ẹ̀rọ bí ogún, kì í ṣe tuntun nìkan, wọn a mú èyí tí ó ti gbó mọ́ ọn, wọn a fún wọn ní àbùlẹ̀, wọn a sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ogún bá dáa, ó di igba. Bí igba bá dáa, ó di gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà yìí a máa gba àkókò, àkókò sì ni ohun tí ọ̀gá kì í fẹ́ fúnni.

Lẹ́ẹ̀kan, a rí ọ̀gá tí ó gba àkókò náà tipátipá. Lẹ́yìn ìbò Ààrẹ ti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 2023, INEC ní láti tún ètò inú ẹ̀rọ BVAS ṣe fún ìbò gómìnà. Ibùdó ìdìbò ju 176,000 lọ, a sì gbọ́dọ̀ ṣètò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún ibùdó tirẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò fún wọn láyè láti fọwọ́ kan àwọn ẹ̀rọ náà títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, ìbò sì di ọjọ́ kọkànlá. INEC ka ọjọ́ tí ó kù, wọ́n rí i pé kò lè tó, wọ́n sì sún ìbò sí ọjọ́ kejìdínlógún. A bú wọn nígbà náà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn kan nínú wa ti wọ ọkọ̀ lọ sílé láti dìbò. A kò sọ pé ìbò náà dára tàbí kò dára. Ẹjọ́ ìyẹn kò sí níwájú wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹnì kan ka ẹ̀rọ, ó ka ọjọ́, ó sì gbà pé méjèèjì kò bára mu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ti ìhín sọ pé òun kò ní í fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun mọ́ láéláé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àbùlẹ̀ kan jáde. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, àìsàn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọlé sí ara àwọn tí kò lẹ̀ ẹ́. Nínú ẹ̀ka ilé ìwòsàn ìjọba 236 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 80 ni ó dà láàmú, wọ́n dá aláìsàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù méjì ni àbùlẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ óò wà nídìí ẹ̀rọ

Púpọ̀ nínú yín ni wọ́n óò rán lọ sí gbọ̀ngàn CBT fún SIWES, tàbí nígbà ìsìnrú ìlú. Wọn óò fún yín ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́fà, wọn óò sì sọ pé kí ẹ máa wo iná tí ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹ̀dà tí ó yẹ kí ó wà lára rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní "wọ́n ti ṣe é láti Àbújá", ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó." Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ fi wé ti gbọ̀ngàn tí ó wà ní òdìkejì títì. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó gbà yín láyè láti jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ dáhùn ìbéèrè àdánwò mẹ́wàá tí ẹ mọ̀ dájú, kí ẹ wo máàkì tí yóò fún yín. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí ó bá fún yín ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀wé.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún ni àtúnṣe ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ fún àwọn 379,997. Wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, pé kí wọ́n tẹ ìwé ìdánwò tuntun. WAEC ti ń lọ lọ́wọ́ láti oṣù Kẹrin, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sáré láti inú gbọ̀ngàn kan bọ́ sí òmíràn.

Àbúrò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú wọn. Nígbà tí Bọ̀dá rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ láago láti bẹ̀ ẹ́, kò gbé e, ìdánwò Báọ́lọ́jì ni ó ń ṣe lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó tó pè padà. Bọ̀dá sọ ohun tí ó ní láti sọ. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Mi ò bínú, Bọ̀dá. Ẹ ṣáà fi owó dátà ránṣẹ́."